Owó Ti Dìbò Kí A Tó Débẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará ìlú ní Ọ̀fà Garage, Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Nígbàkigbà tí ìdìbò bá ti ń bọ̀, ìbéèrè kan náà la máa ń gbọ́ lẹ́nu èrò tó ń dúró de ọkọ̀ Ọ̀fà tàbí ọkọ̀ Òmù-Àrán: kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ṣebí wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa gbé wọlé? Àwọn olóṣèlú a máa dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn pé ọ̀lẹ ni, pé kò fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹ̀rí hàn yín lónìí pé ohun tí ẹni náà rí, òótọ́ ni, bí kò tilẹ̀ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó rí ni pé ẹgbẹ́ méjì péré ló ń du ipò ní ìpínlẹ̀ yìí, àti pé owó ńlá ló ń yan ẹni tí ẹgbẹ́ méjèèjì máa fà kalẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò bá fi máa kò, iṣẹ́ tó kù fún olùdìbò kò ju kí ó mú ọ̀kan nínú ènìyàn méjì tí ẹlòmíràn ti bá a yàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iye àwọn tó ń jókòó sílé. Lọ́dún 2019, orúkọ tó wà nínú ìwé INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, káàkiri Nàìjíríà jẹ́ 84,004,084, ìbò tí wọ́n sì dì fún ipò ààrẹ jẹ́ 28,614,190. Nígbà tó di ọdún 2023, orúkọ ti di 93,469,008, ṣùgbọ́n ìbò já wálẹ̀ sí 24,965,218. Orúkọ fi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i, ìbò sì fi ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ dín. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde kò pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àwọn kan máa ń sọ pé orúkọ òkú àti orúkọ àwọn tó ti ré kọjá sókè òkun ló kún inú ìwé náà, pé ìdí nìyẹn tí ìṣirò fi burú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé àyè kan, torí kì í rọrùn láti yọ orúkọ òkú kúrò. Ṣùgbọ́n orúkọ òkú kò lè dín iye ìwé ìbò tó bọ́ sínú àpótí kù. Alààyè ló di àwọn mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ yẹn lọ́dún 2019, tí kò sẹ́ni tó dì wọ́n lọ́dún 2023. Àwọn mìíràn ní àìfararọ ìlú ló fà á, tàbí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, tó ń lọ́ra, tàbí ọ̀wọ́n náírà àti ọ̀wọ́n epo oṣù kejì ọdún náà. Gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kí gbogbo ìyẹn tó dé ni ìbò ti ń wálẹ̀. Lọ́dún 2003, wọ́n kéde pé àwọn tó dìbò lé ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2011, ó jẹ́ nǹkan bí 54. Lọ́dún 2015, nǹkan bí 44. Lọ́dún 2019, nǹkan bí 35. Kódà bí a bá yọ gbogbo èrú tí wọ́n ní ó wà nínú ti ọdún 2003 kúrò, ìwàlẹ̀ náà kò ní dúró.

Ti Kwara níbí ló tilẹ̀ dùn mí jù. Gbogbo wa la mọ Ó Tó Gẹ́, ariwo tí àwọn ará ìlú fi lé ìjọba tó wà nígbà náà lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí wọ́n dìbò láti dí àyè tó ṣófo ní ẹkùn Èkìtì, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin àti Òkè-Ẹ̀rọ, ni ariwo náà ti kọ́kọ́ so èso. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 2019, APC, ẹgbẹ́ onígbàálẹ̀, ti kó ipò sẹ́nẹ́tọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ipò aṣojú-ṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti ipò gómìnà. AbdulRahman AbdulRazaq ní ìbò 331,546, Razak Atunwa ti PDP, ẹgbẹ́ alábùradà, sì ní 114,754. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, gómìnà kan náà wọlé pẹ̀lú ìbò 273,424, alátakò rẹ̀ láti PDP, Yaman Abdullahi, sì ní 155,490. Ẹ bá mi ro ó pọ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì ní 446,300 lápapọ̀ lọ́dún 2019, wọ́n ní 428,914 lọ́dún 2023, bẹ́ẹ̀ ìwé àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ yìí ti kúrò ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó, ó ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Àwọn tó fi ẹnu ara wọn pariwo, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn láti ojúlé dé ojúlé, ló wà ní Kwara yìí. A kò lè pe irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ìlú ọ̀lẹ. Ohun kan ló mú un rẹ̀ wọ́n.

Bí a bá ti dárúkọ owó nínú ìdìbò, ohun tó ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí wọ́n ń pín nítòsí ibùdó ìdìbò. Nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì lọ́dún 2018 ni "dìbò kí o sebẹ̀" di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò pamọ́. Olùdìbò á gba ìwé, á wọ inú àgọ́, á tẹ ìka sí i. Kí ó tó ká a, á kọ ojú ìwé náà sí ọ̀dọ̀ aṣojú ẹgbẹ́ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Onítọ̀hún á mi orí. Lẹ́yìn ilé kejì, ẹnìkan jókòó tòun ti ìwé àjákọ, á fàlà sí orúkọ rẹ̀, á ka owó fún un. INEC ti yí àgọ́ padà kí ojú má baà tó inú rẹ̀, wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọlé, Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sì sọ pé ẹni tó rà àti ẹni tó tà yóò san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìwádìí tí NBS, àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, àti UNODC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2019 fi hàn pé nínú ènìyàn márùn-ún, bí ẹnìkan ni wọ́n ti fi owó tàbí ẹ̀bùn lọ̀ torí ìbò rẹ̀. Ohun ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó gba owó yẹn, ó jáde nílé, ó tò, ó dìbò. Tó bá jẹ́ owó ẹ̀bá àpótí nìkan ni ìṣòro wa, ńṣe ni iye àwọn tó ń jáde ì bá máa pọ̀ sí i. Àwọn tí mò ń sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tí owó náà kò tilẹ̀ lè gbé dìde nílé mọ́, torí wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí àwọn fẹ́ kò sí nínú ìwé ìbò.

Bí a ṣe ń lé owó kékeré yìí kiri, a ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ náírà tuntun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ kéde rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2023, Ààrẹ Buhari sọ fún gbogbo ìlú pé ó ń dín agbára owó kù nínú ìdìbò. A rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá tó ń ta ata kò rí ṣéńjì, awakọ̀ kò rí owó ra epo, àwọn ènìyàn sùn sí ẹnu ọ̀nà báǹkì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ọdún 2022 ni àwọn ẹgbẹ́ ti yan olùdíje wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni owó ńlá ti fi ṣíwájú òfin náà. Ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ sílé, kí wọ́n tó gba ẹgbẹ̀rún kan àtijọ́ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù.

Ibi tí owó ńlá ń gbà wọlé ni fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ díje. Lọ́dún 2022, APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní 100 mílíọ̀nù náírà, ti gómìnà ní 50 mílíọ̀nù, ti sẹ́nẹ́tọ̀ ní 20 mílíọ̀nù, ti aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. PDP ta ti ààrẹ ní 40 mílíọ̀nù àti ti gómìnà ní 21 mílíọ̀nù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí nígbà náà jẹ́ 30,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, bí kò bá jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé, yóò fi ohun tó lé ní ọdún 138 tọ́jú owó kí ó tó lè ra fọ́ọ̀mù gómìnà APC nìkan, yóò sì fi ohun tó lé ní ọdún 277 tọ́jú ti ààrẹ. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ní àwọn gbé iye rẹ̀ ga kí àwọn tó ń ṣeré má baà kún ibẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé iye fọ́ọ̀mù kò lè fi hàn bóyá ẹnìkan ń ṣeré tàbí kò ṣeré. Bí àpò rẹ̀ ṣe jìn tó nìkan ló lè fi hàn. Olùkọ́ àgbà tó ti ṣe ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣeré, kò sì ní rówó rà á. Àfi kí ẹlòmíràn bá a rà á, ẹni tó bá sì bá a rà á ti di ọ̀gá rẹ̀.

Òfin fúnra rẹ̀ kò ran ọ̀ràn náà lọ́wọ́. Òfin Ìdìbò ọdún 2010 ní kí olùdíje gómìnà má ná ju 200 mílíọ̀nù lọ, kí ti ààrẹ má ná ju bílíọ̀nù kan. Ti ọdún 2022 sọ ọ́ di bílíọ̀nù kan fún gómìnà, bílíọ̀nù márùn-ún fún ààrẹ. Lábẹ́ òfin ọdún 2022 náà, ẹni tó bá kọjá iye yẹn, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye náà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù méjìlá lọ, tàbí méjèèjì. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù kan jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹni tó fi 50 mílíọ̀nù ra fọ́ọ̀mù ni òfin náà fi mílíọ̀nù mẹ́wàá dẹ́rù bà. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó wò.

Lẹ́yìn fọ́ọ̀mù ni àwọn aṣojú tó dìbò abẹ́lé lọ́dún 2022, àwọn tí a ń pè ní dẹ́lígéètì. Nígbà tí PDP yan olùdíje ààrẹ ní Àbújá ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìbò 371 ló gbé Atiku Abubakar wọlé. Bukola Saraki, ọmọ Ìlọrin wa, ní 70. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìbò 1,271 ló gbé Bola Tinubu wọlé nínú APC. Ẹ ro ó pọ̀: 1,642 ènìyàn ló yan ènìyàn méjì tó gba ìbò jù lọ nínú ìdìbò orílẹ̀-èdè tó ní 93 mílíọ̀nù olùdìbò. Mẹ́ta-mẹ́ta ni APC mú láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé 48 ló lọ láti gbogbo Kwara. Bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún mẹ́ta láti gáréèjì yìí á kó wọn tán, àyè á sì tún ṣẹ́ kù. Nígbà tí àwọn tó ń yàn bá kéré tó báyìí, ó rọrùn fún olówó láti mọ orúkọ wọn, láti mọ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n sùn sí, láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́. Ìròyìn pé dọ́là ń rìn láàárín wọn kún inú ìwé ìròyìn nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, sì wà níbi ìpàdé PDP lójú gbogbo ènìyàn. Èmi kò sọ pé gbogbo dẹ́lígéètì ló gbowó. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ra 1,642 ènìyàn lè rí i ṣe, ṣùgbọ́n kò sí olówó tó lè ra mílíọ̀nù mẹ́wàá.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e ju èmi lọ. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, owó ọlọ́kọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rò láàárọ̀, kí ó tó ro epo, kí ó tó ro ara rẹ̀, kí ó tó wá ro èrò tó wà lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn dáadáa, yóò ṣì rọra wakọ̀. Ṣùgbọ́n bí owó ọlọ́kọ̀ kò bá pé, èrò ni yóò jìyà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi owó ẹlòmíràn dé ipò. Kí ó tó ronú kan ọ̀nà Ọ̀fà tàbí ilé ìwòsàn, ó ní ẹni tó ń dúró dè é.

Ohun tó wá mú kí ẹgbẹ́ méjì di ẹrù lórí olùdìbò ni pé àwọn ènìyàn kan náà ló ń rìn láàárín wọn. Àwọn tó ń ṣe ìjọba Kwara lábẹ́ PDP lọ́dún 2011 ló ń ṣe é lábẹ́ APC lọ́dún 2015. Ní oṣù keje ọdún 2018, Bukola Saraki àti Gómìnà Abdulfatah Ahmed tún padà sí PDP. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ wọn ti jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú wọn rí. Òfin kò sọ pé kí a ní ẹgbẹ́ méjì péré, torí ẹgbẹ́ 18 ló wà nínú ìwé ìbò ọdún 2023. Owó ló sọ 18 di méjì. Owó náà ló sì jẹ́ kó rọrùn láti kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, torí ẹni tó ní owó fọ́ọ̀mù kò ní ẹgbẹ́ tí kò ní gbà á. Mẹ̀kúnnù tó ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ títì rí fìlà tó yí padà, ó sì rí i pé orí kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní kí n dákẹ́, pé owó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òṣèlú Ìlọrin. Wọ́n á rántí Olóyè Olúṣọlá Saraki, wọ́n á rántí Ilé Arúgbó tí àwọn ìyá àgbà ti ń gba oúnjẹ àti owó, kí ìjọba tó wó o ní oṣù kìíní ọdún 2020. Èmi kò ní bú òkú, n kò sì ní bú ìyá tó lọ gba ìrẹsì. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tó ń fúnni ní nǹkan nígbà náà jókòó níbi tí a mọ̀, ojú rí ojú, bí ó bá sì ṣẹ̀ wá, a mọ ilé tí a ó lọ. Síbẹ̀, ó burú kí oúnjẹ arúgbó di gbèsè ìbò. Ìfẹ́ tí àwọn ènìyàn ní sí Olóyè náà kò tó nígbà tó yá: lọ́dún 2011, ó fa ọmọ rẹ̀ Gbemisola kalẹ̀ fún gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan, ACPN, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Bukola, sì wà lẹ́yìn Abdulfatah Ahmed nínú PDP tó wà lórí àlééfà. Ẹgbẹ́ ńlá ló borí. Ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá òṣèlú Kwara pàápàá kò lè gba ẹ̀yìn ẹgbẹ́ ńlá kọjá. Kí wá ni ti olùkọ́ tàbí awakọ̀?

Àwọn mìíràn á ní kí ìjọba máa fún ẹgbẹ́ lówó, kí wọ́n má baà nílò olówó. A ti gbìyànjú rẹ̀ rí, lọ́nà tó ju èyí lọ. Lọ́dún 1989, Ibrahim Babangida, ààrẹ ológun, kọ gbogbo ẹgbẹ́ 13 tó wá forúkọ sílẹ̀, ó dá SDP ẹlẹ́ṣin àti NRC ẹlẹ́yẹ sílẹ̀, ó kọ ìwé ètò fún wọn, ó kọ́ ilé ẹgbẹ́ fún wọn ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ń náwó lé wọn lórí. Ṣé owó ńlá wá rọ̀? Rárá o. Nígbà tó di ọdún 1992, ìdìbò abẹ́lé fún ipò ààrẹ bàjẹ́ débi pé wọ́n fagi lé e nínú ẹ̀sùn owó àti èrú, wọ́n sì ní kí àwọn olùdíje 23 lọ jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú ètò tí wọ́n pè ní Option A4 wá, tí ìdíje fi bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, tí ọmọ ẹgbẹ́ ń tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Òótọ́ ni pé Abíọ́lá tí SDP fà kalẹ̀ ní Jos ní oṣù kẹta ọdún 1993 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù ní Áfíríkà, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n láti wọ́ọ̀dù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ènìyàn pàdé, nígbà tó sì di ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà, ó ní ìbò 8,341,309, Tofa ti NRC ní 5,952,087, ó sì na Tofa ní Kánò ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì kan náà, orílẹ̀-èdè kan náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàn lábẹ́lé ló yí padà. Ológun ló wá gba èsì rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi olùdìbò.

Ẹnìkan lè tún béèrè pé kí ni mo fẹ́ sọ nípa Amẹ́ríkà. Ẹgbẹ́ méjì ló wà níbẹ̀ náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wọn ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún owó ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́dún 2010, owó tí wọ́n sì ná lórí ìdìbò ọdún 2020 lé ní bílíọ̀nù 14 dọ́là. Síbẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ ló dìbò lọ́dún yẹn, èyí tó pọ̀ jù láti ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Àtakò tó lágbára nìyí, òun gan-an ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi túbọ̀ yé èmi fúnra mi. Owó nìkan kọ́ ló ń lé olùdìbò sílé. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ló ń dìbò abẹ́lé ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje ààrẹ ọdún 2016, àwọn tó wà lẹ́yìn Jeb Bush kó ohun tó ju 100 mílíọ̀nù dọ́là jọ fún un, àwọn olùdìbò sì lé e padà sílé ní oṣù kejì, kí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ tó gbóná. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń ráhùn nípa owó, wọ́n sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ní ibì kan tí wọ́n ti lè kọ ẹni tí olówó fẹ́. Ibẹ̀ ni tiwa ti dí.

Ó ku àwọn tó ní kí a lọ sí ẹgbẹ́ kẹta. Peter Obi kúrò ní PDP ní ọjọ́ díẹ̀ sí ìdìbò abẹ́lé ọdún 2022, ó lọ sí ẹgbẹ́ Labour, ó ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ó sì fi 582,454 na Tinubu tó ní 572,606 ní Èkó. Mo ka èyí sí ohun ńlá. Ṣùgbọ́n ní Kwara, 31,166 ló ní, nígbà tí Tinubu ní 263,572, tí Atiku sì ní 136,909. Ẹgbẹ́ kẹta lè jí ìdìbò kan. Bí òun náà kò bá ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́ tó péye ní wọ́ọ̀dù, bí ìjà aṣáájú bá ti dé, kò ní sí ẹni tó máa dá wọn lẹ́kun. Ohun kan náà ni mo rí nínú Ó Tó Gẹ́. Àwọn ènìyàn lé àwọn kan lọ, wọ́n sì padà sílé. Kò sí ẹni tó bá wọn kọ orúkọ wọn sínú ìwé tí wọ́n máa fi yan ẹlòmíràn lọ́jọ́ iwájú. Kò pẹ́ tí àwọn tó gba ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà nínú ilé, olùdìbò ọdún 2019 sì ń wòran.

Kì í sì í ṣe pé ìlú yìí kò mọ bí a ṣe ń dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1950, Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ jáde ní àárín ìlú yìí, ó bá ẹgbẹ́ Action Group da ọwọ́ pọ̀, ó sì na NPC, ẹgbẹ́ alágbára tó ń ṣe ìjọba Àríwá, nínú ìdìbò káńsù Ìlọrin. Ìjọba Àríwá tú káńsù náà ká nígbà tó yá. Agbára ni wọ́n fi lé wọn lọ, wọn kò fi owó rà wọ́n. Ẹgbẹ́ tí tálákà ń dárúkọ ara rẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tí àwọn bàbá àwa tí a jókòó síbí ti ṣe rí.

Ohun tí mò ń bèèrè fún ni ìdìbò abẹ́lé tààrà, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù máa yan olùdíje. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ fẹ́ sọ ọ́ di dandan lọ́dún 2021, Ààrẹ Buhari kò fọwọ́ sí i, ó ní owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Òfin tó wá fọwọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022 fi àyè sílẹ̀ fún dẹ́lígéètì padà. Àtakò tó le jù sí ohun tí mò ń sọ yìí kò tilẹ̀ jẹ mọ́ owó. Òun ni pé a ti ṣe é rí, èrú sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìdìbò abẹ́lé tààrà ti APC ní Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n kéde pé Babajide Sanwo-Olu ní 970,851. Nígbà tí gbogbo Èkó dìbò ní ọdún 2019, ìbò tó ní jẹ́ 739,445. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹ pọ̀ ju gbogbo àwọn ará Èkó tó dìbò fún un lọ! Ti ààrẹ lọ́dún 2018 kan náà, wọ́n kéde 14,842,072 fún Buhari lábẹ́lé, ó sì ní 15,191,847 nígbà ìdìbò gbogbogbòò. Ẹni tó bá gbà mí gbọ́ títí di ibí yìí lè ní ìdìbò tààrà ti kú nìyẹn.

Kò kú. Àwọn nọ́ńbà yẹn ṣeé gbé jáde torí pé kò sí ìwé kankan tí a lè fi wé wọn. Abala 77 nínú òfin ọdún 2022 ti sọ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì fi jíṣẹ́ fún INEC ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Òfin wà, ojú ará ìlú ni kò tó o. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri ní wọ́ọ̀dù, bí INEC ṣe ń lẹ ti àwọn olùdìbò, kí ẹni tó ń ta ata ní Ọ̀fà Garage lè wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì fi ìka sí orúkọ aládùúgbò tó ti kú, kó ní kí wọ́n yọ ọ́. Kí wọ́n ka ìbò ní wọ́ọ̀dù lójú gbogbo ènìyàn, kí nọ́ńbà tó jáde má lè ju orúkọ tó wà lára ògiri lọ. Ní ti owó tí wọ́n ní yóò pọ̀ jù, wọ́ọ̀dù 193 ló wà ní Kwara. Bí a bá mú owó fọ́ọ̀mù gómìnà kan ṣoṣo tí APC tà lọ́dún 2022, 50 mílíọ̀nù náírà, tí a sì pín in sí wọ́ọ̀dù 193, ó lé ní 259,000 náírà fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn tó, lọ́dún náà, láti yá ìbòòrùn àti àga, láti tẹ ìwé orúkọ, láti fún àwọn tó máa ka ìbò lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Fọ́ọ̀mù olùdíje kan péré nìyẹn.